Dìkódà Màámi àti Àwọn Tí Kò Lẹ́sẹ̀

Ní gbogbo ìgbà tí ìyá mi fi lo dìkódà rẹ̀ àtijọ́, kò sí ẹni tó ní ẹsẹ̀ nínú tẹlifíṣàn wa. Ọba á jáde láàfin, adé á pé lórí rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ á kún ọrùn rẹ̀, ṣùgbọ́n láti orúnkún sísàlẹ̀, kò sí nǹkan kan. Ìyàwó á sá kúrò nílé ọkọ, a ò ní rí ohun tó fi ń sá. Dìkódà yẹn àti tẹlifíṣàn wa ni kò bára wọn mu. Ó máa ń fẹ àwòrán kọjá ojú gíláàsì, ìsàlẹ̀ gbogbo nǹkan á sì gé dànù. Mo tẹ rìmóòtù títí ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Màámi ní kí n fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́, pé ojú ni wọ́n fi ń ṣe fíìmù, wọn kì í fi ẹsẹ̀ ṣe é.

Ẹ̀yìn Tudu ni ilé wa wà ní Accra, níbi tí ariwo àwọn tó ń pe èrò sínú ọkọ̀ trotro ti máa ń jí ènìyàn láàárọ̀. Bàbá àti ìyá mi ti ń ta mílíìkì, ṣúgà àti tòmátò inú agolo ní Tudu kí wọ́n tó bí mi. Nígbà tí Bàbá kú, tí orúnkún Màámi náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ń ṣiṣẹ́ ní Tema, ní ọ́fíìsì àwọn tó ń bá oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté, ibẹ̀ náà ni mo ń gbé. Òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni mo máa ń wálé. Obìnrin tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ bá oníbàárà jà lórí ìyàtọ̀ agolo ńlá àti agolo kékeré, ẹ wá ní kó jókòó ti ògiri, kó máa wo alángbá. Tó bá pè mí lórí fóònù nígbà náà, á bi mí pé kí ni mo jẹ, kí ni mo fi jẹ ẹ́, ta ló bá mi jẹ ẹ́, kí ọ̀rọ̀ má baà tán. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí, inú sì ń bí mi, nítorí ọ̀gá mi á ti máa wò mí láti ẹ̀gbẹ́ ojú.

Dìkódà ló gbà wá. Ẹ̀gbọ́n mi rà á ní àlòkù, èyí tó ń gbé fíìmù Yorùbá, a sì gbé tẹlifíṣàn náà, èyí tó nídìí ńlá bí àpótí ẹrù, sẹ́nu ilẹ̀kùn kó kọjú sí fáráńdà. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn tí Màámi kírun Àsárì tán, onílé wa kọjá. Ọmọ Gã ni obìnrin náà, ọmọ apẹja Jamestown, òun náà sì ń yan ẹja tà nínú àgbàlá wa. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé nínú aṣọ funfun, igi ìtayín wà lẹ́nu rẹ̀. Kò gbọ́ Yorùbá rárá. Ó dúró, ó wo obìnrin kan tó ń sunkún nínú fíìmù, ó ní, “Alata, kí ni wọ́n ṣe fún un?” Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá ní Accra. Màámi fi èdè Gã sọ fún un. Ó tún dúró díẹ̀, ó tún bèèrè. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé àpótí ìjókòó tirẹ̀ wá.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni obìnrin Àṣáńtí tó ń ránṣọ ní yàrá igun gbé aṣọ tó ń ká létí wá. Tíṣà tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà kì í wá jókòó, nítorí ó gbà pé òun ju fíìmù lọ, ṣùgbọ́n á gbé àga sẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, á máa fi etí kan gbọ́. Àwọn ará ilé kejì náà wá. Màámi á jókòó síwájú, á máa túmọ̀ ní Gã, á fi Twi lé e fún aránṣọ, á fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, á fi ojú sọ̀rọ̀, tó bá yá á dìde lórí orúnkún tó ní kò dára yẹn, á ṣe bí ìyá ọkọ burúkú ṣe ń rìn. Kí ó tó pẹ́, ìyá mi ti di ènìyàn padà. Tí mo bá pè é láàárín ọ̀sẹ̀, á ní kí n sọ ohun tí mo fẹ́ sọ kíá, òun ń ṣiṣẹ́.

Ohun kan ló wà níbẹ̀ tí èmi nìkan mọ̀, nítorí èmi nìkan ni mo gbọ́ Yorùbá láàárín wọn. Ohun tí Màámi ń túmọ̀ kọ́ ni àwọn inú fíìmù ń sọ.

Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ẹni tó kú, á ní ó kú. Ẹni tó lóyún, á ní ó lóyún. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti tọ́ ìyá mi ni pé, bí aládùúgbò bá ṣe ohun tó dùn ún, kò ní sọ ọ́ lójú rẹ̀. Yóò wá nǹkan mìíràn bá wí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo ti rí i tó bá adìẹ wí láti ìdí omi dé ìdí ààrò, tó ń bi adìẹ pé ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé bàbá rẹ̀ nìyẹn, kí ìyàwó kan tó wà nínú yàrá lè máa gbọ́. A kò ní adìẹ mọ́. Fíìmù ló wá di adìẹ rẹ̀.

Ààrò tí onílé fi ń yan ẹja, ojú fèrèsé Màámi gan-an ni wọ́n mọ ọ́n sí. Èéfín ń wọlé, ó ń bá a lórí ẹní ìkírun, ó ń bá a lórí ibùsùn, híjáàbù rẹ̀ ń rùn bí ẹja yíyan. Ta ló máa sọ fún onílé pé kó gbé ààrò kúrò nínú ilé ara rẹ̀? Ó wá di ọjọ́ Àìkú kan, ọba tí kò lẹ́sẹ̀ ń bá àwọn ìjòyè jà lórí ààlà ilẹ̀. Ó na ìrùkẹ̀rẹ̀, ó ń pariwo. Màámi mí kanlẹ̀, ó ní, “Ọba ní ẹni tó bá ń dáná sójú fèrèsé aládùúgbò kó mọ̀ pé èéfín yẹn ń dá àdúrà aládùúgbò náà padà lọ́nà, kò jẹ́ kó dé ọ̀run.”

Igi ìtayín dúró lẹ́nu onílé. “Ọba ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ọba fúnra rẹ̀. Ẹ ò rí bí inú ṣe ń bí i?”

Nígbà tí mo padà dé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ààrò ti wà lẹ́yìn balùwẹ̀. Ẹnu mi kò lè padé. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìyá arúgbó kan nínú fíìmù sọ pé gbogbo aṣọ tí wọ́n bá rán kí oòrùn tó yọ ni yóò tú lára ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ síbi òkú, aránṣọ sì jáwọ́ nínú kí ó máa fi ẹ̀rọ jí wa ní ìdájí. Ọmọ ìjòyè kan kọ ọkọ nítorí pé ọkùnrin náà kì í gbá gọ́tà nígbà tó bá kàn án. Wọ́n ròyìn èyí fún Tíṣà. Ní Sátidé, a rí i tó ká ṣòkòtò sókè, tó ń kó ẹrẹ̀.

Mo bá Màámi sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Màámi, ọba yẹn kò sọ̀rọ̀ èéfín. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló ń sọ.”

Ó ní, “Ṣé ìwọ lò ń túmọ̀ ni?”

“Rárá, mà.”

“Ṣé èéfín ṣì ń wọlé?”

“Kò wọlé mọ́.”

“Jẹun rẹ.”

Báyìí ni ayé ṣe ń lọ kí ilé iṣẹ́ tó ni dìkódà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé ránṣẹ́ sójú tẹlifíṣàn. Àárín gbùngbùn àwòrán ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí, nínú ìlà pupa, lórí ikùn àwọn òṣèré. Màámi mọ Lárúbáwá kà, ó mọ Yorùbá kà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ Gẹ̀ẹ́sì kà. Ó pè mí pé kí ni wọ́n ń tọrọ. Mo ṣàlàyé pé ọ̀nà tí wọ́n fi ń ju àwòrán láti ojú ọ̀run ti yí padà, pé dìkódà àtijọ́ kò ní mọ̀ ọ́n gbà mọ́, pé kí ó jẹ́ ká gbé e lọ, wọ́n á fi tuntun rọ́pò rẹ̀.

“Kí ni wọ́n fẹ́ fi ti àtijọ́ ṣe?”

“Wọn ò sọ, mà.”

“Ó dáa. Ẹni tó ń bá mi ra agolo òfìfo kì í sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, ọjọ́ kejì ni mo máa ń gbọ́ pé ó ń ta á lówó gọbọi. Mi ò gbé e fún ẹnikẹ́ni.”

Mo bínú, mo ní kò burú. Èmi náà lágídí, ibi tí mo ti jogún rẹ̀ ni mò ń sọ yìí. Ni àwọn ìkànnì bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀lù kọ́kọ́ lọ, Màámi ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ni ní oúnjẹ òyìnbó lọ, ó ní wọn kì í fi ata sí i tẹ́lẹ̀. Ìròyìn lọ. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá ti fọwọ́ kan fíìmù òun.

Wọ́n fọwọ́ kàn án ní ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ìyàwó kan ń la ẹnu láti sọ ẹni tó ni oyún. Ojú tẹlifíṣàn ṣókùnkùn, ìwé Gẹ̀ẹ́sì mélòó kan sì wà láàárín. Èmi wà níbẹ̀. Gbogbo wọn jókòó, wọ́n ń wo òkùnkùn náà. Màámi gbìyànjú, ó ń sọ ìyókù láti inú orí ara rẹ̀, ó bí ọmọ náà, ó wẹ̀ ẹ́, ó sọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n kò rọrùn fún ènìyàn láti fi ọwọ́ lásán mú ìpàdé ró. Aránṣọ ní òun fẹ́ lọ lọ aṣọ. Lọ́sẹ̀ kejì, onílé gbé àpótí rẹ̀ dé fáráńdà, ó wo tẹlifíṣàn tó kú, ó jókòó díẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ nípa oòrùn, ó sì gbé àpótí rẹ̀ padà sílé.

Ní ọjọ́ Ajé, fóònù mi dún lẹ́nu iṣẹ́. Màámi ni. “Kí lo jẹ?” Mo sọ fún un. “Kí lo fi jẹ ẹ́?” Inú mi bàjẹ́. Mo mọ ibi tí a ti ń bọ̀, mi ò sì fẹ́ ká padà síbẹ̀. Mo lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo ní ara ìyá mi kò yá. Irọ́ kọ́ ni mo pa.

Ọjọ́ tí a lọ pààrọ̀ dìkódà, Màámi fi gèlè rẹ̀ kan wé e, ó gbé e lé itan nínú ọkọ̀ bí ẹni tó ń gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́. Ọ́fíìsì náà kún dẹ́nu. Oníkálukú ló gbé tirẹ̀ dání. Ọkùnrin kan kò fẹ́ kí wọ́n rí ibi rẹ́ ẹ jẹ, ó tú àwo orí òrùlé rẹ̀ pẹ̀lú òpó rẹ̀, ó gbé gbogbo rẹ̀ wá, gbogbo ìgbà tó bá yíjú ni à ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tó kàn wá, ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì ní kí Màámi tú ẹrù rẹ̀. Ó gbé dìkódà náà sókè, ó mì í díẹ̀ láti wo ìdí rẹ̀. Aáyán ńlá kan jáde. Ó dúró lórí tábìlì, ó wò wá, ó sì dà bí ẹni pé ó pe àwọn ará ilé rẹ̀, nítorí gbogbo wọn ló tú jáde, àgbà, ọmọdé, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Ọmọbìnrin náà ti wà lórí àga kí n tó mọ̀. Ọkùnrin alàwo ju òpó sílẹ̀.

Màámi kò mira. Ó ní, “Ọlọ́run ló mọ̀, àwọn wọ̀nyí kì í ṣe tiwa. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ti wọ̀ ọ́.”

Mo bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ń ka ìwé tó wà lára ògiri bí ẹni tí kò bá a wá. Ṣùgbọ́n wọ́n fún wa ní tuntun, kíá ni wọ́n fún wa, wọn kò tilẹ̀ bi wá léèrè ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ọkùnrin tí wọ́n ní kó wá so ó mọ́lẹ̀ dé ní ọjọ́ Àìkú. Ó sanra, ó sì gun orí páànù. Ibẹ̀ ni onílé ń sá kóobì sí, ẹja oníyọ̀ tí wọ́n ń gbẹ sínú oòrùn, a sì ń gbọ́ bó ṣe ń fọ́ lábẹ́ bàtà rẹ̀. Ó ń yí àwo, ó ń ké pé, “Ó ti wọlé?” Èmi á ké pé, “Kò tíì wọlé!” Onílé á ké lẹ́yìn mi pé, “Ẹja mi!” Ó pẹ́ ká tó rí i mú. Màámi gbé abọ́ wáákyé fún un, ìrẹsì àti ẹ̀wà tó tó ẹni mẹ́ta, ó jẹ ẹ́, ó lọ, ó sì ku èmi àti àwọn ará ilé níwájú tẹlifíṣàn.

Mo tẹ̀ ẹ́. Àwòrán yọ, ó mọ́ gaara bí ìgbà tí wọ́n bá fọ gíláàsì, ó sì bá ojú tẹlifíṣàn mu rẹ́gí. Àwọn ọkùnrin méjì ń rìn bọ̀ lójú ọ̀nà.

Onílé fò dìde. “Ei! Alata! Wọ́n ní ẹsẹ̀!”

Ariwo sọ. Àwọn ará ilé kejì sáré wá wo ẹsẹ̀. Aránṣọ ní, “Awurade, Olúwa mi ò, ẹ wo bàtà tí ó fi wọ aṣọ yẹn,” ó sì bú òṣèré náà lórí bàtà dáadáa, bí ẹni tó ń san gbogbo gbèsè tó ti ń jẹ láti ìgbà tí kò ti rí bàtà. Tíṣà pàápàá gbé àga rẹ̀ kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó wá jókòó láàárín wa, ó ní òun kàn fẹ́ wo bí ẹ̀rọ tuntun ṣe rí ni. Màámi gbé ara rẹ̀ ga lórí àga. Ó pè mí ní oríkì mi níwájú gbogbo wọn. Mi ò lè sọ bí inú mi ṣe dùn tó, mo ń rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti wo ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ àwọn ọkùnrin náà.

Ìwé funfun kan wà níbẹ̀. Bí ọ̀kan bá sọ̀rọ̀, ìwé náà á yọ. Bí ìkejì bá dáhùn, òmíràn á yọ. Gẹ̀ẹ́sì ni. Gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ ní Yorùbá ni wọ́n kọ sílẹ̀ níbẹ̀ pátápátá, ó sì ti wà níbẹ̀ látọjọ́ tí a ti ń wo fíìmù, níbi tí dìkódà àtijọ́ ti ń gé e dànù pẹ̀lú ẹsẹ̀ wọn. Tíṣà sì mọ Gẹ̀ẹ́sì kà.

Màámi náà rí i. Ó fẹnu sí etí mi, ó ní, “Kí ni wọ́n tún ń tọrọ?”

Mo ní, “Kò sí nǹkan kan, mà. Ẹ má túmọ̀ lónìí, ẹ sinmi.”

“Sinmi kẹ̀? Lẹ́yìn gbogbo ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ mi?”

Ó kọjú sí àwọn ènìyàn rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹnì kan nínú ilé ti ń fi géètì sílẹ̀ láìtì, ewúrẹ́ sì ti wọlé jẹ ewébẹ̀ Màámi. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń gbóná nínú rẹ̀. Lórí tẹlifíṣàn, ọmọkùnrin kan dọ̀bálẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó ń sọ pé òun ti ta ilẹ̀ ìdílé. Màámi na ìka. “Bàbá ń bi í léèrè pé, ta ló fi géètì sílẹ̀ lánàá tí ewúrẹ́ fi wọlé? Ọmọ ní, ‘Bàbá, ẹ forí jì mí, ọ̀lẹ ló ń ṣe mí.’”

Ètè Tíṣà ń mì. Ó ń kàwé.

Mo gbá rìmóòtù mú, mo ń tẹ ohun gbogbo tó wà lórí rẹ̀. Ohùn lọ sókè, ó padà wá sílẹ̀, àtẹ kan yọ bo àwòrán, wọ́n pariwo lé mi lórí, àtẹ náà lọ, ìwé náà ṣì wà níbẹ̀. Ara fíìmù gan-an ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, kò sí rìmóòtù tó lè yọ ọ́. Mo bá dìde, mo lọ dúró síwájú tẹlifíṣàn, mo tẹ́ ìró mi sílẹ̀ dáadáa kí ó lè fẹ̀. Mo ní ẹ̀yìn ló ń dùn mí, dókítà ní kí n máa dúró.

Tíṣà ní, “Sista, mepa wo kyɛw, jọ̀ọ́, yẹra díẹ̀, mò ń kà á.” Ó gbé ojú sókè, ó sì fi èdè Gã sọ̀rọ̀ síta, bí ẹni tó wà ní kíláàsì. “Ó ní òun ti ta ilẹ̀ ni. Kò sí géètì níbẹ̀. Kò sí ewúrẹ́ náà.”

Gbogbo fáráńdà yíjú sí Tíṣà.

Aránṣọ sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀. “Kò sí géètì?” A rí i tí ọ̀rọ̀ ń rìn lọ sẹ́yìn lójú rẹ̀. “Ao! Aṣọ tí wọ́n bá rán kí oòrùn tó yọ ńkọ́?”

Tíṣà náà ti dé ibi tirẹ̀. “Gọ́tà ńkọ́? Ọmọ ìjòyè tó kọ ọkọ nítorí gọ́tà?”

Màámi yíjú sí mi. Mo ṣì na ìró mi síwájú tẹlifíṣàn. Ó fa híjáàbù rẹ̀ síwájú, ó ní, “Ẹ má bi mí. Ti àtijọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀. Dìkódà ti àtijọ́ ni gbogbo ìyẹn, wọ́n sì ti gbà á lọ.”

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Obìnrin tí aáyán ò lè dẹ́rù bà níwájú gbogbo ọ́fíìsì, mo rí i tó kéré lórí àga. Ó ń wo àwọn àpótí ìjókòó náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì mọ ohun tó ń wò: ó ń wo ẹni tó máa kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ dìde. Èmi ló gbé dìkódà yìí wọlé. Ká ní mo lè rí àwọn aáyán yẹn bẹ̀ kí wọ́n padà, ǹ bá bẹ̀ wọ́n.

Gbogbo wa wá wo onílé. Òun ló ni ilé, òun náà sì ni wọ́n gbé ààrò rẹ̀ kúrò. Ó yọ igi ìtayín lẹ́nu.

“Alata.”

“Onílé mi.”

“Ọba yẹn. Ó sọ̀rọ̀ èéfín, àbí kò sọ ọ́?”

Màámi wo ilẹ̀. “Kò sọ ọ́.”

“Mo mọ̀,” ni onílé wí. “Ọba tó wọ ìlẹ̀kẹ̀ tó tó yẹn, kí ló kàn án nínú ẹja èmi? Ọjọ́ náà gan-an ni mo ti mọ̀. Ayálégbé tó gbé yàrá rẹ ṣáájú rẹ, ìta ló dúró sí tó ń bú mi lórí èéfín yẹn, gbogbo àdúgbò gbọ́, mi ò sì gbé ààrò kúrò. Mo tún ń dá iná sí i ni. Ìwọ wúkọ́ títí, o ò sọ nǹkan kan, nígbà tó o máa sọ ọ́, o lọ bá mi wá odindi ọba. Ta ni yóò gbọ́ ti ọba tí kò ní ṣe é?” Ó yíjú sí Tíṣà. “Ìwọ tó o mọ̀wé. Gọ́tà mọ́, àbí kò mọ́?”

Tíṣà ní, “Ó mọ́, mà.”

“Ẹ̀n-ẹ́n.”

Ó dìde. Ó tú aṣọ funfun tó ró lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lókè ìró abẹ́ rẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ po, ó ní kí n kúrò lọ́nà, kí ẹ̀yìn mi má baà tún dùn mí. Ó sún mọ́ tẹlifíṣàn náà, ó na ọwọ́ méjèèjì yí ìdí ńlá rẹ̀ ká, ó ró aṣọ náà mọ́ ọn bí ènìyàn ṣe ń ró aṣọ fún ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó sì ki etí rẹ̀ bọ ẹ̀gbẹ́ kó má baà tú. Ìwé lọ. Bàtà lọ. Gbogbo wọn padà di ẹni tí kò lẹ́sẹ̀.

Ó padà sórí àpótí rẹ̀, ó fi igi ìtayín sẹ́nu. “Alata, máa bá a lọ. Kí ni ó wí?”

Màámi fi etí híjáàbù nu ojú. Ó wo tẹlifíṣàn. Ọmọ tó ta ilẹ̀ ti lọ, bàbá náà nìkan ló kù, ó wà lọ́jà, ó di okùn ewúrẹ́ kan mú, ó sì ń bá ọlọ́jà sọ̀rọ̀ kíkankíkan.

“Ó ní…” Ó fa àga rẹ̀ síwájú, ó tún un bẹ̀rẹ̀. “Ó ní láti ọjọ́ tí ìyàwó òun ti kú, ilé ì bá ti pa òun. Ó ní bí kì í bá ṣe ti aládùúgbò tó ń gbé àpótí wá jókòó ti òun, òun kò mọ bí òun ì bá ti ṣe é. Ó ní kí Ọlọ́run bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.”

Onílé mi orí. “Ọkùnrin yìí mọ ọ̀rọ̀ sọ paa.”

Tíṣà la ẹnu, ó wo onílé, ó sì pa á dé. Aránṣọ mú abẹ́rẹ́ rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún ìyá mi, mi ò jẹ́ kí wọ́n rí ojú mi, nítorí mo gbọ́ Yorùbá. Ọkùnrin náà ń sọ pé ewúrẹ́ yìí ti rù jù, pé kí ọlọ́jà dín in kù, àbí kí òun máa lọ.